Òkúta Tó Mọ Ohun Tó Yẹ Kó Kọjá

Bí ọkọ̀ tòkunbọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í mu epo ju bó ṣe yẹ lọ, tí sàléńsà ń tu èéfín dúdú, tí iná "check engine" sì tàn síwájú awakọ̀, tí iná náà kò sì fẹ́ kú mọ́, ọ̀kan nínú ohun tí mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ máa ń yẹ̀ wò ni ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀. Ohun èlò yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìka ọwọ́ lọ. Wọ́n dè é mọ́ páìpù tí èéfín ń gbà jáde: orí rẹ̀ wà nínú èéfín gbígbóná, ìdí rẹ̀ wà níta níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń kàn án, wáyà sì so ó mọ́ brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì. Àwọn tó ń ta páàtì ní Ládípọ̀, ní Múṣin, mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Ṣùgbọ́n inú orí rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Séràmíìkì funfun kékeré kan ló wà níbẹ̀, zirconia ni orúkọ rẹ̀. Kò rọ̀, kò yọ́, kò sì ní ihò kankan tí ojú lè rí. Síbẹ̀, ọ́síjìn ń gba àárín rẹ̀ kọjá, ìrìn ọ́síjìn yẹn ló sì ń sọ fún brain box bóyá epo ló pọ̀ jù tàbí afẹ́fẹ́.

Gbogbo wa la mọ̀ pé irin ń gbé iná mànàmáná. Nínú wáyà bàbà, ẹ̀lẹ́kítíróònù ló ń sáré. Àwọn átọ́ọ̀mù bàbà fúnra wọn kò kúrò lójú kan. A tún mọ̀ pé omi iyọ̀ ń gbé iná, bẹ́ẹ̀ náà ni ásíìdì inú bátìrì ọkọ̀. Ọ̀nà tiwọn yàtọ̀, nítorí áyọ́ọ̀nù ló ń rìn nínú wọn, ìyẹn átọ́ọ̀mù tó ti pàdánù ẹ̀lẹ́kítíróònù tàbí tó ti gba àfikún rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù wúwo ju ẹ̀lẹ́kítíróònù lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ó bọ́gbọ́n mu nígbà náà kí èèyàn rò pé inú omi nìkan ló ti lè rìn, nítorí pé nínú ohun líle, átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ti ní ipò tirẹ̀, ó sì há mọ́ ibẹ̀.

Ìwọ̀nba ohun líle kan wà tí ọ̀rọ̀ wọn kò rí bẹ́ẹ̀. Áyọ́ọ̀nù ń rìn nínú wọn, àwọn fúnra wọn kò sì yọ́. Àmọ́ ohun tó mú wọn níye lórí ju ìyẹn lọ ni ohun tí wọn kì í gbà láyè. Wọ́n gba irú áyọ́ọ̀nù kan, wọ́n kọ̀ fún ẹ̀lẹ́kítíróònù. Ẹ̀lẹ́kítíróònù tí kò rọ́nà gbà nínú á wá gba wáyà tó wà lóde, níbi tí a ti lè wọ̀n ọ́n tàbí kí a fi í ṣiṣẹ́. Orí kíkọ̀ yìí ni gbogbo ohun èlò tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn dúró lé.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Láàárín ọdún 1830 sí 1839, Michael Faraday ní Lọ́ńdọ̀nù fi iná mànàmáná dán àwọn ohun líle kan wò, lára wọn ni àkópọ̀ fàdákà àti imí-ọjọ́, àti àkópọ̀ òjé àti flúórìnì. Nígbà tí wọ́n tutù, wọn kò gbé iná tó nǹkan. Bí wọ́n ti ń gbóná ni wọ́n ń gbé e sí i. Irin kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí bí irin bá ṣe ń gbóná sí i ni iná ṣe ń ṣòro fún un láti gbé. Faraday rí i pé ohun tuntun nìyí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ṣàlàyé rẹ̀ nígbà náà.

Ní ọdún 1914, Carl Tubandt àti Erich Lorenz ní Jámánì gbé àkópọ̀ fàdákà àti áyódíìnì yẹ̀ wò. Bó ti kọjá dígírì Celsius 147 báyìí, agbára rẹ̀ láti gbé iná fò sókè ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó yani lẹ́nu jù ni pé nígbà tí wọ́n mú un gbóná títí ó fi yọ́ di omi, iná tó ń gbé dín kù díẹ̀. Ìyẹn ni pé ó gbé iná dáadáa ní líle ju bó ṣe gbé e ní omi lọ. Àlàyé tó wá fìdí múlẹ̀ lẹ́yìn náà ni pé áyódíìnì ló di ètò náà mú, tí kò jẹ́ kó wó, nígbà tí fàdákà ti tú kúrò lójú ipò rẹ̀, tó sì ń rìn kiri láàárín àwọn áyódíìnì bí ẹni pé inú omi ló wà.

Àmọ́ kí èyí tó ṣẹlẹ̀ ni ẹnì kan ti fi irú ohun líle bẹ́ẹ̀ ṣòwò. Walther Nernst, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Göttingen ní Jámánì, po zirconia mọ́ yttria, ìyẹn àkópọ̀ yttrium àti ọ́síjìn, ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì fi ṣe ọ̀pá tín-ínrín tó ń tan ìmọ́lẹ̀ funfun bí iná bá ń gbà á kọjá. Gílóòbù ìgbà náà kò gbọ́dọ̀ ní afẹ́fẹ́ nínú, kí okùn inú rẹ̀ má baà jóná. Ọ̀pá Nernst kò bẹ̀rù afẹ́fẹ́ rárá, nítorí pé ohun tí ọ́síjìn ti jó tán ni zirconia tẹ́lẹ̀. Àléébù kan ló ní: bó bá tutù, kò gbé iná. Èèyàn ní láti kọ́kọ́ fi iná mìíràn mú un gbóná kó tó lè tàn. Ilé iṣẹ́ AEG ní Jámánì ra ẹ̀tọ́ rẹ̀, Westinghouse náà ṣe é ní Amẹ́ríkà, kí gílóòbù tungsten tó dé tó sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Àtùpà náà kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n àpòpọ̀ Nernst kò kásẹ̀ nílẹ̀. Òun náà ló wà nínú ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀ lónìí.

Kí ló dé tí ó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ àpòpọ̀? Zirconia pọ́ńbélé jẹ́ zirconium kan fún ọ́síjìn méjì, kò sì sí àyè kankan tó ṣófo nínú ètò rẹ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, bó bá kọjá nǹkan bí dígírì 1,170, ètò yẹn yí padà. Bó bá tún ń tutù bọ̀, ó padà sí ti àtijọ́, ó wú, ó sì sán. Ẹni tó bá fi mọ nǹkan yóò kó àfọ́kù rẹ̀ jáde nínú iná. Yttria ló ń yanjú ìṣòro méjèèjì. Ó di ètò náà mú kó má yí padà, ó sì tún dá àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀: yttrium méjì kì í mú ju ọ́síjìn mẹ́ta dání, níbi tí zirconium méjì ìbá ti mú mẹ́rin wá. Ibi gbogbo tí yttrium méjì bá ti gba ipò zirconium méjì, ipò ọ́síjìn kan á ṣófo. Bí yttria bá jẹ́ 8 nínú 100 àpòpọ̀ náà, ipò ọ́síjìn tó ṣófo yóò jẹ́ nǹkan bí 4 nínú 100. Ọdún 1943 ni Carl Wagner, ọmọ Jámánì mìíràn, kọ àlàyé yìí jáde.

Ẹ wo àga tí wọ́n tò sábẹ́ kánópì níbi ìnáwó, tí gbogbo rẹ̀ kún àfi ẹyọ kan. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga òfìfo yẹn sún bọ́ sí i, àga tirẹ̀ wá ṣófo. Ẹni tó tẹ̀ lé e náà sún, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìparí ìlà. Kò sẹ́ni tó rìn ju àga kan lọ, síbẹ̀ àyè òfìfo ti rìn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Bí ọ́síjìn ṣe ń gba inú zirconia kọjá nìyẹn. Ooru ló ń fún un lágbára láti fò láti ipò kan sí òmíràn, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pá Nernst kò fi gbé iná nígbà tó tutù. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé bí àyè bá ṣe pọ̀ tó ni ìrìn á ṣe yá tó. Bí yttria bá pọ̀ jù, yttrium àti àyè òfìfo á máa fa ara wọn mọ́ra, àyè náà á há sójú kan, ìrìn á sì tún falẹ̀. Ìwọ̀n tó bá a mu ni wọ́n ń wá.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká padà sínú ọkọ̀. Ọ́síjìn jẹ́ nǹkan bí 21 nínú 100 afẹ́fẹ́ tó yí wa ká. Nínú èéfín ẹ́ńjìnnì, ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa ń ṣẹ́ kù, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ rárá. Zirconia ló dá àwọn méjèèjì sí: afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, èéfín wà lóde ara rẹ̀, wọ́n sì fi platinum fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bó bá ti gbóná kọjá nǹkan bí dígírì 300, ọ́síjìn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ afẹ́fẹ́ á gba ẹ̀lẹ́kítíróònù lára platinum, á di áyọ́ọ̀nù, á máa fò láti àyè dé àyè, á yọ sí ẹ̀gbẹ́ èéfín, á sì já ẹ̀lẹ́kítíróònù rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀lẹ́kítíróònù wọ̀nyẹn kò lè gba inú zirconia padà. Wọ́n á kóra jọ síbẹ̀, ìkórajọ wọn ni wáyà sì ń gbé lọ fún brain box gẹ́gẹ́ bí fóòtì.

Bí epo bá pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ́ńjìnnì ń jó, ọ́síjìn inú èéfín á tán pátápátá, ìyàtọ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á pọ̀, fóòtì á sì súnmọ́ 0.9. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, ọ́síjìn á ṣẹ́ kù nínú èéfín, fóòtì á wálẹ̀ sí nǹkan bí 0.1. Àárín méjèèjì ni ìwọ̀n tí a ń fẹ́ wà, ìyẹn nǹkan bí kílò afẹ́fẹ́ 14.7 fún kílò epo bẹntiróòlù kan, ibẹ̀ gan-an sì ni fóòtì ti máa ń já sísàlẹ̀ tàbí fò sókè lójijì. Brain box ń wo fífò yìí, ó ń dín epo kù, ó ń fi kún un, láìdánu dúró. Ìṣirò tó so ìyàtọ̀ ọ́síjìn pọ̀ mọ́ fóòtì yìí, Nernst kan náà ló gbé e jáde ní ọdún 1889. Ó ní ìṣirò náà lọ́wọ́, ó sì ní ohun èlò náà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n jọ máa ṣe kò tíì sí láyé.

Òfin ló bí iṣẹ́ náà. Nígbà tí ìjọba California ní Amẹ́ríkà le mọ́ èéfín ọkọ̀, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ nílò ohun tí yóò sọ èéfín mẹ́ta tó ń pani lára di aláìlewu nínú sàléńsà. Ohun náà, tí wọ́n ń pè ní catalyst, kì í ṣiṣẹ́ dáadáa àfi bí ìwọ̀n epo àti afẹ́fẹ́ bá dọ́gba ketekete. Ní ọdún 1976, ọkọ̀ Volvo tí wọ́n ń tà ní California gbé sẹ́ńsọ̀ zirconia tí Bosch ṣe jáde. Láti ìgbà náà ló ti tàn dé ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Òjé tí wọ́n ń pò mọ́ epo láyé àtijọ́ máa ń bo platinum rẹ̀, á sì pa á, ọ̀kan nínú ìdí tí ayé fi yọ òjé kúrò nínú epo nìyẹn.

Àwọn oní-mọ́tò lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbí. Zirconia kì í sọ̀rọ̀ kó tó gbóná, ìdí nìyẹn tí sẹ́ńsọ̀ òde òní fi ní wáyà ìmúgbóná tirẹ̀. Bí wáyà yẹn bá já, sẹ́ńsọ̀ á pẹ́ kó tó jí. Bí páìpù èéfín bá sì lu níwájú rẹ̀, afẹ́fẹ́ òde á wọlé, sẹ́ńsọ̀ á sọ pé ọ́síjìn pọ̀, brain box á gbà á gbọ́, á sì máa tú epo sí i. Sẹ́ńsọ̀ kò purọ́ níbẹ̀. Ohun tó kan án ló ń sọ. Kí a tó ra òmíràn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo páìpù.

Iṣẹ́ ìwọ̀n nìyẹn. Zirconia kan náà lè ṣe iṣẹ́ méjì mìíràn. Bí a bá mú kó fẹ̀, tí a fi epo tàbí háídírójìn sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí a sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí èkejì, ọ́síjìn á máa kọjá láìdúró láti lọ bá epo náà, ẹ̀lẹ́kítíróònù á sì máa gba wáyà òde padà. Iná tó pọ̀ tó láti lò nìyẹn, láìsí jẹnẹrétọ̀ tó ń ké. Emil Baur àti Hans Preis ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Switzerland ní ọdún 1937, nínú ooru tó tó dígírì 1,000. Ooru yẹn ló ń dà á láàmú títí di òní: ó ń ba irin tó so ó pọ̀ jẹ́, bó bá sì ń gbóná tó ń tutù léraléra, séràmíìkì á sán.

Iṣẹ́ kẹta ni kí a yí ọ̀rọ̀ náà padà: kí a fi iná fún zirconia, kó máa fa ọ́síjìn láti ibi tí kò pọ̀ sí. Orí pílánẹ́ẹ̀tì Mars ni wọ́n ti fi èyí dán ara wò. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò ṣe é mí; káàbọ̀n-dáyọ́ksáìdì ló jẹ́ nǹkan bí 95 nínú 100 rẹ̀. Ẹ̀rọ MOXIE, tí ọkọ̀ Perseverance ti NASA gbé dé ibẹ̀ ní ọdún 2021, gba afẹ́fẹ́ yẹn, ó mú un gbóná dé dígírì 800, ó fi iná já ọ́síjìn kúrò lára káàbọ̀n, zirconia sì gba ọ́síjìn náà kọjá lóun nìkan. Káàbọ̀n kò rọ́nà. Ìgbà 16 ni wọ́n tan ẹ̀rọ náà kó tó parí iṣẹ́ ní ọdún 2023, gírámù ọ́síjìn 122 ló sì mú jáde lápapọ̀. Èèyàn kan ń lo nǹkan bí gírámù 840 lóòjọ́, nítorí náà kò tíì tó ẹnikẹ́ni í gbé ayé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti là.

Kì í ṣe ọ́síjìn nìkan ló ń rin irú ìrìn yìí. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 sí 1969 ń lọ sópin, Joseph Kummer àti Neill Weber ní ilé iṣẹ́ Ford ní Amẹ́ríkà lo irú àkópọ̀ alumíníọ̀mù àti ọ́síjìn kan tó ní ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín. Sódíọ̀mù ń sáré nínú àwọn ìpele yẹn. Bátìrì tí wọ́n fi ṣe dorí ètò tí a mọ̀ kodò. Nínú bátìrì ọkọ̀, òjé líle ló wà lápá méjèèjì, omi ásíìdì ló wà láàárín. Nínú tiwọn, sódíọ̀mù yíyọ́ wà lápá kan, imí-ọjọ́ yíyọ́ wà lápá kejì, séràmíìkì líle ló sì dá wọn sí, ní ooru tó tó dígírì 300 sí 350. Ilé iṣẹ́ NGK ní Jàpáànì ló sọ ọ́ di ọjà, wọ́n sì ti fi í tọ́jú iná fún àwọn tó ń fi afẹ́fẹ́ àti oòrùn pèsè iná. Ní Pretoria, ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí CSIR fi àkópọ̀ níkẹ́ẹ̀lì àti klórìnì rọ́pò imí-ọjọ́, ohun tí a sì mọ̀ sí bátìrì ZEBRA bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Lítíọ̀mù náà wà níbẹ̀. Ní ọdún 1972, wọ́n fi ẹ̀rọ amú-ọkàn-lù tó ń lo bátìrì lítíọ̀mù àti áyódíìnì sínú ara èèyàn fún ìgbà àkọ́kọ́. Wilson Greatbatch, ẹlẹ́rọ ará Amẹ́ríkà, ló ṣíwájú iṣẹ́ náà. Kò sí omi kankan nínú bátìrì yẹn. Ibi tí lítíọ̀mù àti áyódíìnì bá ti kan ara wọn, wọ́n á bí ìpele líle kan fúnra wọn, ìpele yẹn á sì dá wọn sí, á máa gba lítíọ̀mù nìkan kọjá. Bó bá sán, lítíọ̀mù á tún kan áyódíìnì níbẹ̀, ìpele tuntun á sì dí ojú rẹ̀. Iná tó ń gbé kéré gan-an, àmọ́ ọkàn kò béèrè ju ìyẹn lọ. Ẹni tó jẹ́ pé lẹ́yìn bí ọdún méjì ni wọ́n ń là á láti pààrọ̀ bátìrì tẹ́lẹ̀ wá lè lo bí ọdún mẹ́wàá láìwọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Fóònù, inverter àti ọkọ̀ oníná ń béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Omi tó wà nínú bátìrì lítíọ̀mù wọn lónìí jẹ́ irú omi tó lè gbaná. Òun ló ń fún iná lágbára nígbà tí bátìrì bá wú tó sì bú. Bí ohun líle bá rọ́pò omi yẹn, ohun tó lè jó á dín kù, a sì lè lo lítíọ̀mù pọ́ńbélé, tó ń gba iná púpọ̀ sínú ìwúwo díẹ̀. Ní ọdún 2011, Ryoji Kanno àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáànì kéde ohun líle kan tó ní imí-ọjọ́ nínú, tí lítíọ̀mù ń gbà kọjá nínú ooru ilé lásán bó ṣe ń gba inú omi bátìrì. Àríyànjiyàn lórí ìyára ìrìn fẹ́rẹ̀ẹ́ parí níbẹ̀.

Ìṣòro wá ṣí lọ sí ibòmíràn. Omi máa ń wọ gbogbo kọ̀rọ̀; ohun líle méjì tí a gbé síra kì í kan ara wọn dáadáa. Bí bátìrì bá ń gba iná, tó ń tú u sílẹ̀, apá rẹ̀ á máa wú, á máa súnkì, ojú ìkànra á sì máa là. Lítíọ̀mù tún lè dàgbà bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú ìlà sísán inú séràmíìkì tó le gan-an títí tí á fi kan apá kejì. Bó bá kàn án, ẹ̀lẹ́kítíróònù ti rí ọ̀nà gbà nínú nìyẹn, bátìrì náà sì ti kú. Àwọn tó ní imí-ọjọ́ nínú kò fẹ́ ọ̀rinrin rárá. Bí afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin bá kàn wọ́n, gáàsì olóró tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ ni wọ́n ń tú jáde.

Nítorí náà, bí ìpolówó bátìrì líle bá dé etí wa, kí a má béèrè bí ó ṣe yára gba iná tó nìkan. Ìgbà mélòó ló lè gba iná kó tó rẹ̀ ẹ́? Inú ooru wo ló ti ń ṣiṣẹ́? Ṣé ó nílò kí wọ́n fi irin fún un pinpin, kí ojú ìkànra má baà là, kó tó lè ṣiṣẹ́? Ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló ń fi bátìrì tó ṣe é lò hàn yàtọ̀ sí èyí tó kàn dára lórí tábìlì yàrá ìwádìí.

Ọ̀rọ̀ náà kan ilẹ̀ wa pẹ̀lú. Òkúta tó ní lítíọ̀mù wà ní Nàsáráwá, ó wà ní Ìjèrò-Èkìtì. Iyanrìn tí wọ́n ti ń rí zirconium wà nínú àṣẹ́kù ibi tí wọ́n ti wa tánńganran ní òkè Jos. Àmọ́ òkúta inú ilẹ̀ kò tíì di sẹ́ńsọ̀, kò tíì di bátìrì. Iye owó tó wà lórí wọn bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ pé yttria 8 nínú 100 ni kí òun pò mọ́ zirconia, tó mọ ooru tí òun máa fi sun ún, tó sì lè ṣe é láìjẹ́ kó sán. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá lè kọ́ ọmọ wa ní iṣẹ́ fífi iná sun séràmíìkì yìí ni yóò mú owó òkúta náà wálé, kì í ṣe ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó o lọ sí èbúté.